Pééjì tó ń ṣàn lórí láptọ́ọ̀pù, tó wá dúró gbagidi lórí sáfà

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn pééjì kan fún yín látòkèdélẹ̀, torí mo rí i pé apá tó dùn nìkan làwọn èèyàn máa ń kọ nínú ọ̀rọ̀ streaming, ìyẹn kí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń fi pééjì ránṣẹ́, máa fi í ránṣẹ́ ní ègé ègé bó ṣe ń ṣe tán dípò kó dúró kó pé: ìlà kóòdù mẹ́wàá péré, wọ́n á ní ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ibi tí ìlà kẹwàá yẹn parí sí gan-an niṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì la ń tà. Ẹ máa yan ibi tẹ́ ẹ ti ń gbéra àti ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ká ní Ìbàdàn sí Àbújá, ẹ yan ọjọ́, sáfà wa á wá lọ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́ta pé àga mélòó ló kù, èló sì ni, á kó ìdáhùn wọn jọ, á fi ṣe pééjì kan, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń dáhùn láàárín ààbọ̀ sẹ́kọ́ńdì. Èkejì, bíi sẹ́kọ́ńdì kan. Ẹ̀kẹta ńkọ́, sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta lọ sókè, tó bá sì di Friday tí gbogbo èèyàn fẹ́ rìnrìn àjò, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pééjì wa máa ń tó sẹ́kọ́ńdì mẹ́rin kó tó yọjú rárá. Ojú fóònù á funfun báláú, kò sí lógò, kò sí orúkọ ìlú, kò sí nǹkankan, oníbàárà tó dúró sí gáréèjì ní kùtù hàì tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àga ṣì kù á rò pé dátà òun ló ti tán, á pa á dé, á lọ bá àwọn tó ń pariwo "Àbújá kan sí i!" níwájú ẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí i nínú lọ́ọ̀gì, àkọsílẹ̀ sáfà, pé ẹnì kan wọlé, ó dúró sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta, ó jáde, torí mo mọ̀ pé sẹ́kọ́ńdì kan péré ló kù kó rí ohun tó ń wá.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ò ṣòro. React, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ojú ìkànnì, la fi kọ pééjì náà, Node, tó ń jẹ́ kí JavaScript ṣiṣẹ́ lórí sáfà, ló wà níbẹ̀, renderToString inú React la sì ń lò. Bí renderToString ṣe máa ń ṣe ni pé ẹ ó kó gbogbo dátà fún un, òun náà á gbé odidi HTML, ọ̀rọ̀ tí bráúsà ń kà tó fi ń ya pééjì, fún yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ohunkóhun, torí náà àwa la gbọ́dọ̀ dúró de ilé-iṣẹ́ kẹta yẹn ká tó lè pè é. Ẹ sọ pé ẹ wọ ilé olóúnjẹ, ẹ ní kí wọ́n bu ìrẹsì, ẹran àti dòdò wá, ìrẹsì ti jinná tipẹ́, ẹran wà nínú ọbẹ̀, dòdò nìkan ló ṣì wà nínú epo, wọ́n wá ní àwọn ò ní gbé omi pàápàá síwájú yín àfi kí dòdò jinná. Bí pééjì wa ṣe ń ṣe sí oníbàárà nìyẹn.

React 18 jáde ní March 2022, ó gbé renderToPipeableStream dání. Tẹ́ ẹ bá ti fi Suspense, àmì React tó ń sọ pé apá yìí ṣì ń bọ̀, yí apá tó ń pẹ́ ká, React ò ní dúró dè é mọ́, á kọ́kọ́ fi ìyókù pééjì ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní shell, ìkarahun pééjì, lógò, orúkọ ìlú, ọjọ́, àti àpótí aláwọ̀ eérú níbi tí àwọn ọkọ̀ máa wà, á wá fi okùn tó so sáfà àti fóònù pọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Tí ìdáhùn ilé-iṣẹ́ kan bá dé, á tún fi ègé HTML mìíràn ránṣẹ́ lórí okùn kan náà, ègé yẹn á dé sí ìsàlẹ̀ pééjì nínú div, àpótí HTML, tí ojú ò rí, script kékeré kan, kóòdù tí bráúsà ń ṣe, tó tẹ̀ lé e á sì gbé e lọ sí àyè ẹ̀, á yọ àpótí eérú kúrò. Nítorí script yẹn, ẹni tó bá dé kẹ́yìn lè jókòó síwájú, ìlà ò pọndandan. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná o. Facebook sọ̀rọ̀ nípa BigPipe tiwọn ní 2010, wọ́n ń gé pééjì sí wẹ́wẹ́ wọ́n ń fi í ránṣẹ́ bó ṣe ń jinná, HTTP/1.1, ìlànà tí bráúsà àti sáfà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, fúnra ẹ̀ sì ti fàyè gbà á látọdún 1997, Transfer-Encoding: chunked, ìyẹn ni pé sáfà lè máa sọ̀rọ̀ lọ láìsọ fún bráúsà pé báìtì mélòó ni òun máa sọ. HTTP/2 ò tiẹ̀ nílò chunked mọ́, ègé ègé ló ń rìn látilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan la fi kọ tiwa. Ohun àkọ́kọ́ tó dí wa lọ́wọ́ kékeré ni, àmọ́ ẹ fi í sọ́kàn torí ó máa padà wá. Title pééjì wa, èyí tó máa ń hàn lórí WhatsApp tí ẹnì kan bá fi líǹkì ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, a máa ń kọ owó tó kéré jù sínú ẹ̀, "Ìbàdàn sí Àbújá, láti náírà báyìí". Ó dára lójú. Àmọ́ title wà nínú ìkarahun, kò sí nínú Suspense kankan, kéèyàn sì tó mọ owó tó kéré jù àfi kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dáhùn, nítorí náà ìkarahun ń dúró de gbogbo wọn, streaming wà nínú kóòdù ṣùgbọ́n kò sí lójú ẹnikẹ́ni. Mo yọ owó kúrò nínú title. Àwọn tó ń rí sí ọjà bá mi jà díẹ̀, mo ṣàlàyé, wọ́n gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó, lórí láptọ́ọ̀pù mi ó ń ṣàn bí omi. Lógò dé lójú ẹsẹ̀, àpótí eérú mẹ́ta, ilé-iṣẹ́ kìíní já wọlé, èkejì, ẹ̀kẹta. Mo pe gbogbo ọ́fíìsì wá wò ó. A gbé e lọ sórí sáfà ìdánwò, mo fi fóònù mi ṣí i.

Ojú funfun. Sẹ́kọ́ńdì kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, gbàgà, gbogbo ẹ̀ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ti tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó àwọn sáfà wa ló kọ́kọ́ sọ pé kì í ṣe kóòdù mi. Ó ní, "Àbúrò, ohun tó kúrò lọ́wọ́ ẹ kì í ṣe fóònù ló kọ́kọ́ ń bá pàdé." Òótọ́ ni. Láàárín Node àti fóònù oníbàárà, Nginx wà níbẹ̀, sáfà agbedeméjì tó ń gba ìdáhùn Node kó tó fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà, Nginx sì ní àṣà kan tí wọ́n dá mọ́ ọn látilẹ̀: proxy_buffering wà ní títàn àyàfi tẹ́ ẹ bá pa á. Tí Node bá sọ ọ̀rọ̀ kan, Nginx ò ní gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, á máa kó o sínú bọ́fà, kílóbáìtì 4 tàbí 8 ni bọ́fà kọ̀ọ̀kan, ó dọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ kó kún kó tó gbéra. Dánfó nìyẹn o. Ẹ jókòó sínú ẹ̀, ẹ̀yin ti ṣe tán, iṣẹ́ ń dúró dè yín, àmọ́ dírẹ́bà ò ní lọ àfi kí àga tó kẹ́yìn kún. Ìkarahun pééjì wa ò sì tó kílóbáìtì 4, a ti ṣe wàhálà kó lè kéré torí dátà àwọn èèyàn, kíkéré ẹ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kó jókòó sínú ọkọ̀ tí ò kún.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ka èyí lọ pa proxy_buffering fún odidi ìkànnì ẹ̀ o, torí bọ́fà yẹn ń ṣe iṣẹ́ gidi. Tí fóònù kan bá wà ní ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa tó ń fà á díẹ̀díẹ̀, Nginx ló ń bá a fara dà á, Node á ti fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ á sì ti gba ẹlòmíì. Ohun tí a ṣe ni pé Node fúnra ẹ̀ ló ń sọ fún Nginx, lórí pééjì yìí nìkan, pé má dúró: ó ń fi hẹ́dà kan, ìlà ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣáájú HTML, ránṣẹ́, X-Accel-Buffering: no. Nginx mọ hẹ́dà yẹn. Pééjì ìyókù ń lọ bí wọ́n ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀.

A wá dán an wò látorí sáfà pẹ̀lú curl, irinṣẹ́ tó ń fa pééjì láìlo bráúsà, curl -N, N yẹn ló ń sọ fún curl pé kóun náà má ṣe kó ọ̀rọ̀ jọ kó tó tẹ̀ ẹ́ síta, torí curl pàápàá ní bọ́fà tiẹ̀. Ó ń ṣàn! Ègé kan, ègé méjì, mo ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń dé. Mo mú fóònù. Ojú funfun, sẹ́kọ́ńdì mẹ́rin, gbàgà.

Ibí yìí ló gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi, òun ni mo tiẹ̀ fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. curl ní ó ń ṣàn, fóònù ní kò ṣàn, sáfà kan náà, àdírẹ́sì kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. Mo fẹ̀sùn kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo pààrọ̀ SIM. Mo fẹ̀sùn kan bráúsà, mo lo méjì, mo lo mẹ́ta. Mo fi láptọ́ọ̀pù ṣí sáfà ìdánwò yẹn, láptọ́ọ̀pù náà ní kò ṣàn. Ìgbà tí mo gbé ohun tí curl ń béèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí bráúsà ń béèrè, tí mo kà wọ́n ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ni mo tó rí i. Bráúsà ń sọ nínú ìbéèrè ẹ̀ pé òun gbọ́ gzip, ọ̀nà ìfúnpọ̀ ọ̀rọ̀ kó lè kéré, nínú hẹ́dà Accept-Encoding. curl ò sọ bẹ́ẹ̀. Sáfà ń fún ọ̀rọ̀ pọ̀ fún bráúsà, kò fún un pọ̀ fún curl, ohun tí mo ti ń dán wò látàárọ̀ kì í ṣe ohun tí oníbàárà ń gbà. Mo fi --compressed kún curl, curl náà dúró gbagidi. Mi ò rò pé mo ti láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí nítorí pé nǹkan bà jẹ́.

Ta ló ń fún un pọ̀? Nínú Node níbẹ̀, a ní compression, middleware (kóòdù àárín) fún Express, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ sáfà nínú Node, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lò ó, a sì máa ń tàn án lórí sáfà nìkan, kò sí lórí láptọ́ọ̀pù wa, ìdí tí láptọ́ọ̀pù fi ń parọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. gzip fẹ́ràn láti rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ kó tó fún un, torí ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń tún ara ẹ̀ sọ ló ti ń rí àyè dín, ègé kékeré tí ẹ bá fún un á dì í mú sọ́wọ́, á máa retí èyí tó kù, àfi tí ẹnì kan bá pàṣẹ fún un pé ó tó, da ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ síta. Àṣẹ yẹn ni flush. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé React ti mọ̀ nípa ìyẹn. Tí React bá kọ ègé kan tán, ó máa ń wo ohun tó ń kọ sí lára, tó bá rí flush níbẹ̀ á pè é, compression sì ti fi flush sára res, ìyẹn ìdáhùn tí Node ń kọ sí oníbàárà. Ó yẹ kó ṣiṣẹ́. Kò yẹ kí n tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe res ni React wa ń kọ sí. Ẹnì kan nínú wa ti fi Transform kan, kóòdù tó ń yí ọ̀rọ̀ padà bó ṣe ń kọjá, sáàárín, ní ọdún tó ṣáájú, kó lè máa ki script àwọn tó ń ka oníbàárà bọ inú HTML kó tó jáde, nígbà ayé renderToString kò pa ẹnikẹ́ni lára, èmi náà sì kàn gbé e kalẹ̀ sáàárín React àti res bó ṣe wà. React wo Transform yẹn, kò rí flush lára ẹ̀, ó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ gzip, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó tó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dì í mú títí ilé-iṣẹ́ kẹta á fi dáhùn tí React á sì pa okùn dé, ìgbà yẹn ni gbogbo ẹ̀ á tó tú jáde.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè fún Transform yẹn ní flush tiẹ̀ tó máa pe flush res, ìlà mẹ́ta ni. Àwa yọ Transform náà kúrò pátápátá, a kọ script yẹn sínú head láti inú React, torí mo gbà pé ohunkóhun tó bá wà láàárín tí ò ní ìdí gidi láti wà níbẹ̀, ó máa tún ṣe wá lọ́jọ́ mìíràn. Mo mú fóònù. Lógò. Orúkọ ìlú. Àpótí eérú. Ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n kàn gbá mi léjìká, kò sọ nǹkankan.

Ní ọjọ́ Tuesday, a gbé e lọ sórí sáfà gangan, ìṣẹ́jú mọ́kànlá lẹ́yìn náà a gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àwọn oníbàárà ń pè pé àpótí eérú ò kúrò. Ìkarahun dé wẹ́rẹ́, ọkọ̀ ò dé láéláé. Tẹ́ ẹ bá wo HTML náà, gbogbo ọkọ̀ wà nínú ẹ̀ ní ìsàlẹ̀, nínú div tó fara pamọ́, wọ́n ti dé ilé, kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Sáfà gangan ní Content-Security-Policy, hẹ́dà tó ń sọ ohun tí bráúsà lè ṣe àti èyí tí ò gbọ́dọ̀ ṣe, sáfà ìdánwò ò ní, ohun tí àwa fúnra wa kọ síbẹ̀ nítorí ààbò sì ni pé bráúsà ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kankan pẹ̀lú script tí wọ́n kọ sínú HTML tààrà. Script kékeré tó ń gbé ọkọ̀ lọ sí àyè wọn, inú HTML gan-an ló wà. Bráúsà ṣe ohun tí a ní kó ṣe.

Àtúnṣe ẹ̀ ni nonce, ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí sáfà ń dá lọ́tun fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, tó ń kọ sínú hẹ́dà tó sì ń kọ sára script, bráúsà á fi wọ́n wéra, tí wọ́n bá bára mu á jẹ́ kó kọjá. renderToPipeableStream ní àyè fún nonce, ẹ kàn fi í fún un ni. Ohun tó gba àkókò ni pé Nginx ló ń kọ hẹ́dà yẹn tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo èèyàn, a ní láti gbé e wá sínú Node torí Node ló mọ nonce. Ohun tó sì tẹ̀ lé e ni pé ẹ ò lè gbé odidi HTML irú pééjì bẹ́ẹ̀ sínú káàṣì, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà pééjì sí, kẹ́ ẹ máa pín in fún gbogbo èèyàn mọ́, nonce tó bá ti di ti gbogbo èèyàn ò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Tiwa ò sí nínú káàṣì tẹ́lẹ̀, àga ń yí padà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, kò dùn wá.

A tún gbé e lọ, ó dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa pé àwọn pééjì kan jẹ́ soft 404, ìyẹn pééjì tó ní òun wà àmọ́ tí ohun tí wọ́n ń wá ò sí nínú ẹ̀. Àwọn Yorùbá ní ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá balẹ̀ ó ti fọ́, mi ò mọ ibòmíì tí òwe yẹn ti ń ṣẹ tó báyìí. Ohun àkọ́kọ́ tí sáfà máa ń sọ nínú ìdáhùn ẹ̀, kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ HTML kankan, ni nọ́ńbà, 200 pé ó wà, 404 pé kò sí, 302 pé ẹ gba ibòmíì lọ. Nígbà renderToString, a ti mọ gbogbo nǹkan kí á tó la ẹnu. Ní báyìí, ìkarahun ti lọ, 200 ti lọ pẹ̀lú ẹ̀, lẹ́yìn náà la wá rí i pé ọ̀nà tí oníbàárà ń béèrè kò sí mọ́, ilé-iṣẹ́ ti fagi lé e. A kọ "A ò rí ọ̀nà yìí" sínú àpótí, àmọ́ a ti sọ pé 200. Bákan náà ni kúkì, àmì kékeré tí bráúsà ń tọ́jú tí a fi ń mọ ẹni tó wọlé: kóòdù kan tó ń sọ kúkì àwọn tó wọlé dọ̀tun wà nínú apá tó ń pẹ́, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ni Node ń pariwo "Cannot set headers after they are sent to the client" sínú lọ́ọ̀gì, àwọn oníbàárà kan ń rí ara wọn níta láìmọ̀dí.

A jókòó, a kọ ohun gbogbo tí a ò lè yí padà tí a bá ti la ẹnu sórí bébà: nọ́ńbà ìdáhùn, dídarí èèyàn lọ síbòmíì, kúkì, title. A wá gbé wọn síwájú. Kí streaming tó bẹ̀rẹ̀ rárá, sáfà á wo dátábéésì tiwa pé ṣé ọ̀nà yìí wà, ṣé ẹni yìí wọlé, á sọ kúkì dọ̀tun, ìwọ̀n mílísẹ́kọ́ńdì díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ torí ọ̀dọ̀ wa ló wà, kò sẹ́ni tí a ń bẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìkarahun tó lè jáde. Àwọn róbọ́ọ̀tì, ti Google àti àwọn tó ń gbé àwòrán líǹkì jáde, a kì í fi ìkarahun ránṣẹ́ sí wọn, onAllReady, ìgbà tí React bá ní gbogbo ẹ̀ ti pé, là ń dúró dè fún wọn kí wọ́n rí pééjì tó pé, àwọn kì í kánjú bí èèyàn.

Ọ̀rọ̀ ìdúró náà tún wà. Nínú kóòdù tí mo kọ́kọ́ kọ, Suspense wà nínú Suspense, ilé-iṣẹ́ kejì ò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè títí ti kìíní á fi dé, mo sọ àwọn tó yẹ kí wọ́n jọ sáré di àwọn tó ń to ìlà. A bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ kí React tó bẹ̀rẹ̀, àpótí kọ̀ọ̀kan wá ń dúró de tiẹ̀ nìkan.

Èyí tó fa àríyànjiyàn jù ní ọ́fíìsì kò kan sáfà rárá. Tẹ́lẹ̀, owó la fi ń to àwọn ọkọ̀, èyí tí owó ẹ̀ kéré jù lókè. Tí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta bá wá ń dé ní àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́ ẹ sì ń tún ìlà tò ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá dé, ẹ ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀: ìyá kan ti rí ọkọ̀ aago méje, ó ń gbé ìka ẹ̀ bọ̀, ilé-iṣẹ́ kẹta já wọlé pẹ̀lú owó tó kéré, ìlà sún sísàlẹ̀, ìka ẹ̀ balẹ̀ sórí ọkọ̀ aago mẹ́rin ìdájí. Owó èèyàn nìyẹn. Ẹnì kan ní kí á fi owó tò ó síbẹ̀, pé àwọn tó ń ṣi ìka tẹ̀ ò ní pọ̀. Mo kọ̀, mo sì dúpẹ́ pé ọ̀gá wa náà kọ̀. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpótí tiẹ̀, gíga àpótí náà ò yí padà bóyá ọkọ̀ ti dé tàbí kò tíì dé, bọ́tìnnì "Fi owó tò ó" sì wà lókè ṣùgbọ́n kò ní ṣeé tẹ̀ títí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi dé. Tí ilé-iṣẹ́ kan bá wá kọ̀ tí ò dáhùn rárá, a fún un ní sẹ́kọ́ńdì mẹ́jọ, lẹ́yìn ẹ̀ sáfà á pe abort, React á pa okùn dé, bráúsà á gbìyànjú fúnra ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí kò bá tún rí i á kọ "Wọn ò tíì dáhùn, ẹ tẹ ibí kẹ́ ẹ tún béèrè" sínú àpótí yẹn nìkan, àwọn méjì tó kù á wà ní títà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé èyí ń jẹ́ kí nǹkan yá o. Ilé-iṣẹ́ kẹta ṣì ń lo sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta ẹ̀, odidi pééjì ṣì ń tó bíi sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta àbọ̀ kó tó pé. Ohun tó yí padà ni pé lórí fóònù tí a fi ń dán nǹkan wò, lógò àti orúkọ ìlú ń hàn kó tó pé ààbọ̀ sẹ́kọ́ńdì, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń hàn ní bíi sẹ́kọ́ńdì kan, ẹni tí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kìíní bá tẹ́ lọ́rùn lè ti sanwó kí ẹ̀kẹta tó dé. Àwọn tó ń jáde láàárín sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta nínú lọ́ọ̀gì dín kù, mo ń wò ó láràárọ̀.

Nítorí pé ó lè tún dúró gbagidi láìsí ẹni tó máa mọ̀, torí pééjì náà kì í bà jẹ́, ó kàn ń padà di ti tẹ́lẹ̀ ni, a kọ àyẹ̀wò kan tó ń ṣiṣẹ́ kí a tó gbé ohunkóhun lọ sórí sáfà gangan. A ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ irọ́ kan tó máa ń lo sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta gééré láti dáhùn, curl -N pẹ̀lú --compressed á gba Nginx wọlé, a ò wo báìtì àkọ́kọ́, torí hẹ́dà lásán lè ti dé láìsí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn ẹ̀, orúkọ ìlú tó wà lókè pééjì là ń wá, ó gbọ́dọ̀ ti dé kí sẹ́kọ́ńdì kan tó pé, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ irọ́ sì gbọ́dọ̀ dé lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta. Tí méjèèjì bá dé papọ̀, kò sí ohun tó ń lọ sórí sáfà gangan.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni àyẹ̀wò yẹn kọ́kọ́ dá wa dúró, ní Friday kan, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo ṣí kóòdù tuntun náà, mo wá a títí. Ẹnì kan ti fi owó tó kéré jù padà sínú title.